Tí Printer Bá Ní Òun Ò Tẹ̀wé Mọ́, Ẹ Bi Í Léèrè Ibi Tó Ń Gbé

Fóìsì Àdìmíìnì, alẹ́ Ọjọ́rú. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí dátà yín ò gbé fóìsì, àti ẹ̀yin tí ariwo ọjà ò jẹ́ kí ẹ gbọ́.

FÓÌSÌ KÌÍNÍ

  Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà mí lónìí, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé, èèyàn mẹ́ta ló ti kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Àdìmíìnì, printer wa ò tẹ̀wé mọ́, ó ní òun wà ní offline, ẹnjiníà ní ká mú ₦20,000 wá." Mo ní kí n kúkú sọ ọ́ síbi tí gbogbo wa á ti gbọ́.

Kí n tó máa bá a lọ, èmi kì í ṣe ẹnjiníà o. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, ẹnu ọjà ni mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà. Ìwé àti bírò ni mo ń tà ní Sábọ̀n Gàrí níbí kí n tó fi fọ́tòkópì kún un, lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà mẹ́ta dé, àti printer kan tó ń ṣiṣẹ́ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Owó àti ìtìjú ni mo fi kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Màá sọ ti ìtìjú yẹn tó bá débẹ̀.

Ẹ wò ó, gbogbo wa la mọ ibi ẹ̀rọ ata. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mẹ́wàá lè gbé ata dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan á wà níbẹ̀ tí á máa to abọ́: ti ta ló kọ́kọ́ dé, ti ta ló tẹ̀ lé e. Bí ata ìyá alákàrà bá ń lọ lọ́wọ́, abọ́ tìrẹ á dúró lórí ìlà. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta àti printer kan. Àwọn kọ̀ǹpútà ni ìyá tó gbé ata wá, printer ni ẹ̀rọ, ẹni tó ń to abọ́ ni wọ́n ń pè ní print server. Ìlà abọ́ yẹn fúnra rẹ̀, queue ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi í sọ́kàn, a máa padà síbi abọ́ yẹn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni print server yìí máa ń gbà wà lọ́dọ̀ wa. Ti àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà kan ló so mọ́ printer pẹ̀lú wáyà USB, àwọn yòókù á máa gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà yẹn, tàbí tó bá sùn, gbogbo ilé ti dákẹ́. Ọ̀pọ̀ "printer mi ò ṣiṣẹ́" tí mo ń gbọ́, kọ̀ǹpútà olórí ló sùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wọ Power lọ nínú rẹ̀, ẹ ní kó má sùn mọ́. Ti èkejì ni àpótí kékeré kan tó ní ojú fún wáyà network níwájú, ojú USB lẹ́yìn. Ti ẹ̀kẹta ni printer tí wọ́n ti kó print server sínú ikùn rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ máa rí ojú wáyà network lẹ́yìn rẹ̀, tàbí kó ní Wi-Fi, tàbí méjèèjì. Ẹ̀kẹta yìí ni tèmi, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ wa ń rà báyìí, tòkunbọ̀ tó ti ọ́fíìsì òyìnbó dé.

FÓÌSÌ KEJÌ

Ẹ má bínú, kọ́sítọ́mà ló wọlé.

Òfin tí mo fi ń ṣiṣẹ́ nìyí: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ printer, ẹ máa bọ̀ wá sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ wa, títí kan àwọn ẹnjiníà ojú títì, kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dì mú. Wọ́n á yọ driver, wọ́n á tún un fi sí i, wọ́n á ní àwọn fẹ́ fọ Windows. Kí ẹ tó mọ̀, ilẹ̀ ti ṣú, àìsàn kan ti di mẹ́ta, ẹ ò sì mọ èwo ló kọ́kọ́ ń ṣe é mọ́.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ní kí printer tẹ ìwé tara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ printer tó ní network ló lè tẹ̀ ẹ́ láìsí kọ̀ǹpútà. Èyí tó ní ojú kékeré lórí, ẹ wọ Setup tàbí Reports, ẹ wá Configuration Page tàbí Network Report. Èyí tí kò lójú, bọ́tìnì kan wà tí ẹ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan títí iná á fi máa ṣẹ́jú. Ẹ wo orúkọ printer yín lórí YouTube, wọ́n á fi bọ́tìnì yẹn hàn yín.

Tí kò bá tẹ ìwé yẹn jáde, ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, kò mọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ bébà, tónà tàbí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni. Tó bá tẹ̀ ẹ́ tó mọ́ rekete, ẹ jẹ́ kínú yín dùn: ẹ̀rọ yín ò kú. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín lẹ́yìn ìyẹn pé bọ́ọ̀dù ti jó, ẹ ní kó jókòó kó ṣàlàyé.

Ẹ wá mú ìwé náà lọ́wọ́. Ohun tí ẹ ń wá ni ìlà tí wọ́n kọ IP Address tàbí IPv4 Address sí. Nọ́ńbà mẹ́rin ni, tí àmì tó-tó wà láàárín wọn, bíi 192.168.1.101. Ibi tí printer ń gbé nìyẹn. Tó bá jẹ́ 169.254 ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀: printer ò rí router ni, òun ló fún ara rẹ̀ ní àdírẹ́sì, bí àlejò tó dé ìlú lóru tí kò rí onílé, tó wá tẹ́ ẹní sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Tó bá jẹ́ 0.0.0.0, kò tilẹ̀ ní àdírẹ́sì rárá.

Kí ló máa ń fà á? Nílùú tiwa yìí, iná ni. Ẹ mọ̀ bó ṣe ń ṣe. Babu wuta láti àárọ̀, ẹ tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo nǹkan jí lẹ́ẹ̀kan náà. Printer ti ń pe router, router ò tíì jí tán, printer ti rẹ̀, ó fún ara rẹ̀ ní 169.254. Ẹ jẹ́ kó ní ètò. Router ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tàn, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, lẹ́yìn náà súwíìṣì network tí ẹ bá ní, lẹ́yìn náà printer, kọ̀ǹpútà ló máa gbẹ̀yìn. Èmi ti so router àti súwíìṣì mọ́ bátìrì kékeré kan tí kì í jẹ́ kí wọ́n kú tí iná bá lọ. Owó tí mo fi rà á ò tó ohun tí mo ń pàdánù ní ọjọ́ kan.

Tí ètò yẹn ò bá ràn án, ẹ wo ojú wáyà lẹ́yìn printer. Iná kékeré wà níbẹ̀, ó yẹ kó tàn, kó sì máa ṣẹ́jú. Tí kò bá tàn, ẹ gbé wáyà náà sí ojú míì lára súwíìṣì tàbí router. Kò ṣì tàn? Ẹ fi wáyà míì tí ẹ mọ̀ dájú pé ó dáa dán an wò. Eku Sábọ̀n Gàrí yìí, ẹ má fojú di wọ́n, wọ́n ti jẹ wáyà mi lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ tábìlì, lójú ibi tí èèyàn ò lè rí.

FÓÌSÌ KẸTA

Ó kan ibi tí ìtìjú wà.

Tí printer bá ní àdírẹ́sì gidi, ìbéèrè tó kàn ni pé: ṣé ibẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà ń ránṣẹ́ sí? Ẹ rí i, router dà bí onílé tó ní yàrá púpọ̀. Ẹni tó bá wọlé, yálà fóònù ni, kọ̀ǹpútà ni, printer ni, onílé á fún un ní nọ́ńbà yàrá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe títí ayé ló fún un. Tí iná bá lọ tí onílé sùn tó jí, ọ̀pọ̀ router ni kì í rántí ẹni tó wà ní yàrá wo lánàá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ló máa gba yàrá àkọ́kọ́. DHCP ni wọ́n ń pe iṣẹ́ onílé yìí. Ó dáa fún fóònù, kò dáa fún printer, nítorí kọ̀ǹpútà yín ti kọ àdírẹ́sì àtijọ́ sínú ìwé rẹ̀, ibẹ̀ náà ni á ṣì máa gbé ẹrù lọ. Bí alábàárù tó gbé ẹrù dé ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n sọ fún un pé oníṣọ́ọ̀bù ti kó lọ sí òpópónà kejì, tó kàn dúró síbẹ̀ tó ń làágùn.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, Ọjọ́bọ̀ ni, ìdílé kan gbé iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú wá bá mi, 300 ẹ̀dà, ti ìyá wọn àgbà. Bọ́ọ̀sì alẹ́ ni wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. A ti to ọ̀rọ̀ náà tán, àwòrán màmá ti wọlé, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Mo tẹ Print. Kò sí nǹkan. Kọ̀ǹpútà ní offline.

Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn tó ń kọ́ṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó sún tábìlì printer láti gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ẹ mọ̀ bí ọkàn èèyàn ṣe ń rí tí owó bá fẹ́ bọ́. Mo ní òun ló ba ẹ̀rọ mi jẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá, mi ò fọwọ́ kan wáyà." Mo ní kó dákẹ́. Mo pe ẹnjiníà kan. Ó dé, ó kọ ping àti àdírẹ́sì tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ẹnì kan dá a lóhùn láti ibẹ̀. Ó ní, "Ẹ rí i, network dáa, printer ń gbọ́ ọ̀rọ̀, kò lè ṣiṣẹ́ ni, bọ́ọ̀dù rẹ̀ ló ti kú." Ó gba ₦15,000, ó lọ. Ìdílé yẹn dúró títí di aago mẹ́rin, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù míì, wọ́n san ìlọ́po méjì. Ọmọ òkú tó dàgbà jù níbẹ̀ kò bú mi o. Ó kàn ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá, ẹ ti gbìyànjú." Èébú ì bá sàn fún mi jù. Nírọ̀lẹ́, mo ní kí ọmọ yẹn kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ.

Ní ọjọ́ kejì, mállàm kan tó ń tún fóònù ṣe ní iwájú wa gbọ́ ẹjọ́ náà. Ó ní kí n bi printer fúnra rẹ̀ léèrè ibi tó ń gbé. Òun ló kọ́ mi ní ìwé tí mo sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan yẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, ó mọ́ bí ojú ọjọ́. Àdírẹ́sì tó wà lórí rẹ̀, 192.168.1.103. Èyí tí kọ̀ǹpútà ń ránṣẹ́ sí, 192.168.1.101. Mo ní ta ló wá ń dá wa lóhùn ní 101? Mállàm gba fóònù ọwọ́ mi, ó wọ ibi Wi-Fi, ó fi hàn mí. 101 ni. Fóònù tèmi. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, èmi ni mo tan router, fóònù mi ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn onílé.

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí, nítorí ibi tó ti ba ẹnjiníà yẹn nìyẹn. Ping tó dáhùn kò sọ fún yín pé printer ló dáhùn. Ó kàn sọ pé ẹnì kan wà nínú yàrá yẹn ni. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ ṣí Chrome, ẹ kọ àdírẹ́sì náà sókè níbi tí ẹ ti máa ń kọ orúkọ wẹ́bùsáìtì. Tó bá jẹ́ printer ló ń gbébẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á ṣí ojú ewé tiwọn, ẹ máa rí orúkọ printer àti iye tónà tó kù. Tàbí kẹ́ ẹ yọ wáyà printer, kẹ́ ẹ tún ping. Tó bá ṣì ń dáhùn, kì í ṣe òun.

Mo lọ bẹ ọmọ náà nílé àǹtí rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Ìyẹn ò rọrùn fún ẹni tó ti tó ọjọ́ orí mi. Àǹtí rẹ̀ jẹ́ kí n jókòó pẹ́ kó tó pè é.

FÓÌSÌ KẸRIN

Báwo la ṣe ń dè é mọ́lẹ̀ kó má sá mọ́? Ọ̀nà méjì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kẹ́ ẹ bá onílé sọ̀rọ̀. Ẹ wọ inú router nípasẹ̀ Chrome, àdírẹ́sì àti password rẹ̀ sábà máa ń wà lára síkà tó wà nísàlẹ̀ router. Ẹ wá DHCP, lábẹ́ rẹ̀ ẹ máa rí Address Reservation tàbí Static Lease. Ó máa béèrè MAC Address printer. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 ni, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ ní méjì-méjì, ó wà lórí ìwé kan náà tí printer tẹ̀ jáde. MAC yìí dà bí ilà ojú, iná kì í pa á rẹ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ yan nọ́ńbà fún un, ó parí. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò lè gba yàrá rẹ̀.

Tí router yín ò bá ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìyẹn, ẹ lè kọ àdírẹ́sì sínú printer fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ yí i sí Manual. Àmọ́ ẹ kíyè sí i o: ẹ má mú nọ́ńbà tí onílé ṣì ń pín fún àlejò. Tí router bá ń pín láti 100 dé 199, ẹ fún printer ní 50. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni méjì máa bá ara wọn nínú yàrá kan, ìjà ibẹ̀ á burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí lónìí á ṣiṣẹ́, lọ́la ò ní ṣiṣẹ́.

Ẹ wá sọ fún kọ̀ǹpútà. Nínú Windows, ẹ lọ síbi tí àwọn printer wà, ẹ yan printer náà, Printer properties, lẹ́yìn náà Ports. Ẹ wo èyí tí wọ́n fi àmì sí. Tí wọ́n bá kọ WSD síwájú rẹ̀, Windows ló ń fúnra rẹ̀ wá printer kiri, òun náà sì lè sọ ọ́ nù nígbà tó bá wù ú. Èmi kì í fi sílẹ̀. Ẹ tẹ Add Port, ẹ yan Standard TCP/IP Port, ẹ kọ àdírẹ́sì tuntun yẹn. Ilẹ̀kùn 9100 ló sábà máa ń lò, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tó máa ń dààmú èèyàn. Printer ń gbọ́, àdírẹ́sì pé, kọ̀ǹpútà ṣì ń sọ pé offline. Ẹ padà síbi Ports yẹn, ẹ tẹ Configure Port, ẹ máa rí SNMP Status Enabled. Ẹ yọ àmì ibẹ̀ kúrò. Ìbéèrè "ṣé o wà nílé?" ni kọ̀ǹpútà ń bi printer níbẹ̀, tí printer ò bá gbọ́ èdè ìbéèrè yẹn, kọ̀ǹpútà á kàn gbà pé kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ ó jókòó sí pálọ̀. Ẹ tún wò ó bóyá ẹnì kan ti fi àmì sí Use Printer Offline láìmọ̀. Tí ẹ bá sì rí printer kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tí èkejì ní Copy 1 lẹ́yìn orúkọ, ọ̀kan nínú wọn ti kú, iṣẹ́ yín sì lè máa lọ sọ́dọ̀ òkú.

FÓÌSÌ KARÙN-ÚN

An kawo wuta! Iná ti dé. Ẹ jẹ́ kí n pa jẹnẹrétọ̀.

Ó yá, ẹ padà síbi ẹ̀rọ ata. Ẹ jẹ́ ká gbà pé òkúta wà nínú ata ẹnì kan. Ẹ̀rọ há. Ata gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dáa, kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè lọ̀ ọ́ títí wọ́n á fi yọ abọ́ olókúta yẹn. Bó ṣe ń rí nìyẹn tí printer bá ń dáhùn, tí gbogbo àdírẹ́sì pé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́jọ tò síbẹ̀ tí ọ̀kan ò jáde. Ẹ wo ti àkọ́kọ́ lórí ìlà. Ó sábà máa ń jẹ́ fáìlì PDF tó wúwo, tó kún fún fọ́tò, tí kọ́sítọ́mà fi WhatsApp ránṣẹ́. Ẹ máa tẹ Cancel, á kọ Deleting, á sì wà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, ẹ kọ services, ẹ ṣí i. Ẹ wá Print Spooler. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Stop. Ẹ má tíì pa ojú ewé yẹn dé. Ẹ lọ sínú fódà C:\Windows\System32\spool\PRINTERS. Ó lè béèrè àṣẹ lọ́wọ́ yín, ẹ tẹ Continue. Ẹ pa gbogbo fáìlì tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Inú fódà ni mo wí o, kì í ṣe fódà fúnra rẹ̀. Ẹ padà síbi Print Spooler, ẹ yan Start. Ẹ pa printer náà, ẹ tún un tàn, torí òkúta lè ṣẹ́ kù sọ́fun rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tó wà lórí ìlà ti lọ nìyẹn, ẹ máa tún un rán, nítorí náà kẹ́ ẹ tó ṣe é, ẹ rí i pé gbogbo ìwé tí ẹ ń tò ni ẹ ti fi pamọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀nà àkọ́kọ́ lẹ ń lò, èyí tí kọ̀ǹpútà kan ń ru printer, orí kọ̀ǹpútà olórí yẹn lẹ ti máa ṣe é, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìlà wà.

Fún PDF tó ń há ẹ̀rọ, ẹ fi Adobe Reader ṣí i, ẹ tẹ Print, lẹ́yìn náà Advanced, ẹ fi àmì sí Print as Image. Ó máa falẹ̀, ṣùgbọ́n á jáde.

Ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà kan ń ru printer fún àwọn yòókù, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀ láti ọdún 2021. Ní oṣù keje ọdún yẹn, ariwo ta pé ihò ńlá kan wà nínú Print Spooler Windows. PrintNightmare ni wọ́n sọ ọ́, nọ́ńbà rẹ̀ ni CVE-2021-34527. Ẹni burúkú lè gba ibẹ̀ di ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà yín. Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í dí ihò náà díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n ní ẹni tí kì í ṣe administrator ò lè fi driver printer sí kọ̀ǹpútà mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn update míì, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ò lè dé ọ̀dọ̀ printer tí kọ̀ǹpútà míì ń ru mọ́. 0x0000011b ló ń hàn lójú wọn. Títí di òní, tí kọ̀ǹpútà kan bá ti gba update tí èkejì ò tíì gbà, ẹ ṣì lè rí nọ́ńbà yẹn.

Àwọn kan wà tó máa wọ inú registry lọ kọ òdo síbì kan fún yín, gbogbo nǹkan á sì ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ihò tí wọ́n dí ni wọ́n tún ṣí yẹn o. Ní ṣọ́ọ̀bù tí kọ́sítọ́mà ti ń ki USB tí ẹ ò mọ ibi tó ti wá bọ kọ̀ǹpútà, ṣé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ fi dátà sílẹ̀ ní òru kan, kí gbogbo kọ̀ǹpútà gba update, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe ọ̀kan. Tí printer yín bá ní ojú network, ẹ kúkú yọ kọ̀ǹpútà alágbàrù yẹn kúrò láàárín, kí kálukú máa ránṣẹ́ tààrà.

FÓÌSÌ KẸFÀ

Ó kù díẹ̀. Ẹ̀yin oní-MiFi àti ẹ̀yin tí ẹ ń lo hotspot fóònù. Ọ̀pọ̀ printer, Wi-Fi 2.4GHz nìkan ló gbọ́. Tí ẹ bá yí hotspot yín sí 5GHz torí kó lè yára, printer á fọ́jú. Àwọn MiFi àti router kan sì wà tó jẹ́ pé wọ́n máa ń fi ògiri sáàárín àwọn tó wà lórí wọn: kálukú lè dé íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọn ò lè rí ara wọn. Ẹ wá AP Isolation nínú rẹ̀, ẹ pa á. Ẹ má sì so printer mọ́ Guest network tí ẹ ṣí fún kọ́sítọ́mà, ìyẹn fúnra rẹ̀ ògiri ni.

Ẹ̀yin alápòótí kékeré: kẹ́ ẹ tó ra àpótí yẹn, ẹ béèrè bóyá ó gba irú printer yín. Àwọn printer kékeré kan wà tí kò ní ọpọlọ tara wọn, kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn ronú; àwọn míì nínú wọn tilẹ̀ ń retí kí kọ̀ǹpútà kọ́ wọn ní iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tàn. Àpótí ò lè ṣe ìyẹn fún wọn, ẹ̀rọ á kàn máa ṣẹ́jú, bébà ò ní jáde. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ tó dákẹ́, ẹ wo orí iná tó ń gbé e ná. Orí iná tó kéré báyẹn kì í pẹ́ kú lórí jẹnẹrétọ̀ wa.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lálẹ́ yìí: ẹ tẹ ìwé printer yín jáde nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi bírò kọ àdírẹ́sì àti MAC rẹ̀ sórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara printer. Ọmọ tí mo lé lọ yẹn ló kọ tèmi, òun náà ló ń bójú tó ìdí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Tí ẹ bá sì fẹ́ bi mí léèrè, ẹ má kọ "printer mi ò ṣiṣẹ́" sí mi mọ́. Fọ́tò ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, àti fọ́tò ibi Ports.

Ìyá Ìbejì ní Kaduna, mo ti rí tiyín. Printer yín wà ní 192.168.8.104, kọ̀ǹpútà yín wà ní 192.168.1.20. Nọ́ńbà kẹta yẹn ni kẹ́ ẹ wò: 8 àti 1. Inú ilé méjì ni wọ́n wà, MiFi ọkọ yín ni printer so mọ́, router ṣọ́ọ̀bù ni kọ̀ǹpútà so mọ́. Ẹ yọ printer kúrò lórí MiFi yẹn, ẹ fi wáyà so ó mọ́ router, kẹ́ ẹ tún ìwé rẹ̀ tẹ̀, kẹ́ ẹ fi tuntun ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ má tíì fún ẹnjiníà yẹn ní ₦20,000 kankan.